"Gẹ́gẹ́ Bí A Ṣe Lò Ó": Bí Ọmọ Ṣe Ń Mọ Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Tí Kò Pàdé Rí

Ìyá kan wá bá mi lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí a ti jáde níléèwé. Ìwé ìdánwò ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ kan, díkíṣọ́nárì wà lọ́wọ́ kejì. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí. Ohun tí ọmọ mi kọ ló wà nínú ìwé yìí, wọ́n wá fún un ní òdo. Èmi fúnra mi ni mo ní kó há a sórí."

Mo gbà á, mo wò ó. Àyọkà Gẹ̀ẹ́sì ni. Gómìnà kan dúró níwájú èrò, òǹkọ̀wé wá sọ pé "address" gómìnà náà gba wákàtí méjì, débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lọ sílé kó tó parí. Wọ́n fa ilà sábẹ́ "address", wọ́n ní kí ọmọ wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè rọ́pò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ṣe lò ó nínú àyọkà. Ọmọ kọ ọ́ pé ibi tí ènìyàn ń gbé.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká mú ohun tó kọ yìí bọ inú gbólóhùn yẹn. Ibi tí gómìnà ń gbé gba wákàtí méjì."

Ó dákẹ́. Ó tún un kà sínú. Ó ní, "Háà! Ọ̀rọ̀ tó ń bá wọn sọ ni."

Díkíṣọ́nárì wà ní pípadé lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó mọ̀ ọ́n. Wákàtí méjì yẹn ló sọ fún un, nítorí ilé kì í gba wákàtí, ọ̀rọ̀ ló ń gbà á. Ohun tí ìyá yìí ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan ni ọ̀pọ̀ ọmọ kò rí ẹni kọ́ wọn. Àwa tíṣà a kàn máa pariwo pé "ẹ wo àyíká ọ̀rọ̀," a kì í fi bí wọ́n ṣe máa wò ó hàn wọ́n. Òbí tó bá wá rí òdo nínú ìwé ọmọ a rò pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni.

Kí ni ìbéèrè yẹn ń wá gan-an?

Ẹni tó bá ti ṣe ìdánwò WAEC rí mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ àkàyé Gẹ̀ẹ́sì, wọn a mú ọ̀rọ̀ mélòó kan jáde nínú àyọkà, wọn a ní kí ọmọ wá ọ̀rọ̀ tàbí àpólà tó túmọ̀ sí ohun kan náà, tó sì lè rọ́pò rẹ̀ níbi tí wọ́n ti lò ó. Àkàyé Yorùbá náà a máa bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bí a ṣe lò ó nínú àyọkà. Ohun tí ìbéèrè yìí ń sọ ni pé: má ka gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ yìí lè jẹ́ fún mi, iṣẹ́ tó ń ṣe níbí ni kí o sọ.

Obìnrin kan lè jẹ́ ìyá nílé, kó jẹ́ ìyálọ́jà lọ́jà, kó jẹ́ àǹtí fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ẹni tó bá wá a wá sọ́jà nítorí ọ̀rọ̀ ìsọ̀ kò wá ìyá ẹnikẹ́ni, ìyálọ́jà ló wá. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Ibi tó bá wà là ń wò ká tó mọ orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀.

Ẹ má sì fojú kéré "rọ́pò" tó wà nínú ìbéèrè náà. Bí ọ̀rọ̀ inú àyọkà bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-orúkọ ni kí ìdáhùn jẹ́. Bó bá ń sọ nípa ohun tó ti kọjá, kí ìdáhùn sọ nípa ohun tó ti kọjá. Mo ti rí ọmọ tó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ dájú tí máàkì sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí pé ohun tó kọ kò lè jókòó sínú gbólóhùn náà.

Kí là ń pè ní àyíká ọ̀rọ̀, kí sì ni olobó?

Àyíká ọ̀rọ̀ ni gbogbo ohun tó yí ọ̀rọ̀ kan ká: ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e, ìpínrọ̀ tó wà, àti ohun tí gbogbo àyọkà náà dá lé. Olobó ni ohun kan pàtó nínú àyíká yẹn tó ń sọ̀rọ̀ sí wa létí. Ẹ fi wé ọdẹ. Gbogbo igbó ni àyíká. Ipasẹ̀ ẹran nínú ẹrẹ̀ àti ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́ ni olobó. Ọmọ tí a sọ fún pé kó wo àyíká ọ̀rọ̀, tí a kò fi ipasẹ̀ hàn, ọdẹ tó dúró láàárín igbó tó ń wo igi ni.

Wíwá olobó kì í sì í ṣe ìméfò. Ẹni tó ń méfò kò lè sọ ìdí tó fi mú ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó rí olobó lè nawọ́ sí i.

Ṣé ohun tó le ni?

Ojoojúmọ́ là ń ṣe é lórí fóònù. Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ yìí bó ṣe máa ń wọlé sórí WhatsApp láìní àmì kankan: "Oko mi ti baje." Kò sẹ́ni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ ohun tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé "Oko mi ti baje, mo n duro de mekaniiki," ọkọ̀ ni. "Oko mi ti baje, maalu ti je gbogbo ege inu e," oko ni. "Oko mi ti baje, mo fe gbe e lo fun alagbede," ọkọ́ ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a kọ bákan náà. Mẹkáníìkì, màlúù àti alágbẹ̀dẹ ló bá wa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọmọ ọdún méjìlá tó ń ka irú èyí sókè fún ìyá rẹ̀ láìṣì í kà ti mọ iṣẹ́ náà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́, ó sì ti di odidi nínú rẹ̀. Kò kàn mọ̀ pé ohun kan náà ni WAEC ń bèèrè lọ́wọ́ òun ni, nítorí kò sẹ́ni tó so méjèèjì pọ̀ fún un. Níbí ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì, kí n tó mú ìwé kankan jáde.

Níbo ni olobó máa ń wà?

Èyí tó rọrùn jù ni ibi tí òǹkọ̀wé ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè ní "ìyẹn ni pé" tàbí "tí a tún ń pè ní", ó sì lè jẹ́ kọ́mà lásán ló fi ya àlàyé náà sọ́tọ̀. Ọmọ tó bá ń sáré kàwé nìkan ni eléyìí ń fò dá.

Òmíràn a máa wá bí àpẹẹrẹ. "Bàbá kó gbogbo irè rẹ̀ wálé: iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà." Ọmọ ìgboro tí kò gbọ́ irè rí yóò rí i pé ohun tí wọ́n kórè lóko ni gbogbo ohun tó tẹ̀lé e. Ó ti tó.

Òmíràn wà nínú àtakò. "Ọlọ́yàyà ni ìyálé, ṣùgbọ́n òṣónú ni ìyàwó kékeré." "Ṣùgbọ́n" ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Bí ọmọ bá mọ̀ pé ọlọ́yàyà a máa rẹ́rìn-ín, a máa dá ènìyàn lóhùn dáadáa, yóò mọ̀ pé òdìkejì rẹ̀ ni òṣónú. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ mi fi pẹ́ńsù yí "ṣùgbọ́n", "àmọ́" àti "dípò" ká níbikíbi tí wọ́n bá ti rí wọn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni olobó tí ẹnikẹ́ni kò sọ, tó jẹ́ pé ìṣe inú gbólóhùn ló fi hàn. "Ó gbé ìṣaasùn ka iná, ó da epo sí i, ó wá bu ata lílọ̀ lé e." Mo máa ń bi wọ́n pé, kí là ń gbé ka iná? Kí ni epo àti ata ń bára wọn pàdé nínú rẹ̀? Wọn a ní ìkòkò. Ìkòkò kí ni? Ìkòkò ọbẹ̀! Díkíṣọ́nárì yóò fi kún un pé amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Gbólóhùn yẹn kò sọ ìyẹn, kò sì dí òǹkàwé lọ́wọ́. Ìtumọ̀ tí olobó ń fún wa kì í sábà pé pérépéré, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ìtàn máa lọ.

Ìtumọ̀ tí ọmọ bá rí lónìí sì lè máà bá ti ọ̀la mu. "Ọ̀dá dá lọ́dún náà. Òjò kọ̀ fún oṣù márùn-ún, odò gbẹ, ewéko rọ." Ó mọ ọ̀dá: àìrọ̀ òjò. Lọ́jọ́ kejì ó pàdé "ọ̀dá owó dá wọn nílé náà." Bó bá di ìtumọ̀ àná mú ṣinṣin, yóò máa wá òjò kiri inú gbólóhùn tí kò sí òjò. Ẹ jẹ́ kó tún àyíká wò, yóò sì rí i pé àìní ló wà nídìí méjèèjì.

Ṣé ara ọ̀rọ̀ náà kò lè sọ̀rọ̀?

Ó lè sọ ọ́, pàápàá nínú Yorùbá, níbi tí a ti máa ń so ọ̀rọ̀ kéékèèké pọ̀ di ńlá. Ẹ mú "amúnisìn", tí ọmọ máa ń pàdé nínú ìwé ìtàn: "Nàìjíríà gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn amúnisìn ní ọdún 1960." Tú u palẹ̀: a, mú, ni, sìn. Àwọn tó mú ẹlòmíràn sìn. Òmìnira tó wà nínú gbólóhùn náà sì jẹ́rìí sí i. Bákan náà, ọmọ tó bá mọ "àì" yóò mọ̀ pé ohun tí kò sí, tàbí tí a kò ṣe, là ń sọ nípa rẹ̀ nínú àìgbọ́ràn àti àìsùn.

Ṣùgbọ́n kí ó má fi títú nìkan ṣe é. "Oní" àti "ọ̀pá" ló di ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ bàbá àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn kì í ṣe ọlọ́pàá. Ara ọ̀rọ̀ a dá àbá, àyíká a sọ bóyá àbá náà jẹ́ òótọ́.

Ìgbà wo ni àyíká ọ̀rọ̀ máa ń tan ènìyàn?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé tó ń kọ́ni ní ọgbọ́n yìí kì í dé, òun náà ló sì ń kó àwọn ọmọ sí wàhálà jù. Ní ọdún 1983, ní Amẹ́ríkà, Isabel Beck, Margaret McKeown àti Ellen McCaslin yẹ àwọn ìtàn inú ìwé kíkà ọmọ iléèwé wò, wọ́n sì fi hàn pé àyíká ọ̀rọ̀ kò dọ́gba. Oríṣi mẹ́rin ni wọ́n pín in sí: èyí tó ń tọ́ni sọ́nà, èyí tó kàn ń júwe ìhà ibi tó wà, èyí tí kò sọ nǹkan kan, àti èyí tó ń ṣini lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká mú òṣónú wa lọ síbẹ̀. "A kí i, kò dáhùn, a bá a ṣàwàdà, ó lejú mọ́ wa. Òṣónú gidi ni." Èyí tọ́ ọmọ sọ́nà. "Àwọn ọmọdé kì í fẹ́ sún mọ́ òṣónú náà." Ó mọ̀ pé ohun tí kò dára ni, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ olè, ó lè jẹ́ wèrè. "Mo rí òṣónú kan lọ́jà lánàá." Òfo ni. Ẹ wá wo eléyìí: "Gbogbo ènìyàn pé lé òṣónú náà lórí lọ́jọ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń náwó fún un." Ọmọ tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ yìí rí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òṣónú ni ẹni tí gbogbo ayé fẹ́ràn. Kò ya ọ̀lẹ, kò sì ṣe àìbìkítà. Ohun tí a ní kó ṣe ló ṣe, àyíká ló tàn án.

Nítorí náà, ọmọ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu wa pé ó ṣeé ṣe kí olobó má sí, àti pé kò sí ìtìjú nínú kó sọ pé, "Ibí yìí kò sọ fún mi." Èmi máa ń gbóríyìn fún ọmọ tó bá sọ bẹ́ẹ̀, tó bá ti wá a dáadáa.

Ṣé ìpàdé ẹ̀ẹ̀kan tó?

Kò tó. Ẹ jẹ́ ká dán ara wa wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí mo dá sílẹ̀ fúnra mi, tí kò sí nínú ìwé kankan: pẹ̀ǹkúrú. "Mo gbàgbé pẹ̀ǹkúrú mi sínú ọkọ̀." Ó lè jẹ́ ohunkóhun. "Ìyá mi kì í jáde láìmú pẹ̀ǹkúrú rẹ̀ dání nínú oṣù Keje." Òjò ń bọ̀ lọ́kàn wa. "Atẹ́gùn fẹ́ pẹ̀ǹkúrú rẹ̀ yí padà, irin rẹ̀ méjì sì ṣẹ́." Agboòrùn ni!

Heinz Werner àti Edith Kaplan ṣe irú èyí fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ ààbọ̀ sí mẹ́tàlá ààbọ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 1952: ọ̀rọ̀ àdádá 12, gbólóhùn mẹ́fà mẹ́fà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ tó kéré jù máa ń da ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ìtumọ̀ gbogbo gbólóhùn; ó ń ṣòro fún wọn láti yọ ọ̀rọ̀ náà jáde kó dá dúró. Ẹ má bínú sí ọmọ kíláàsì kẹta tó bá ní pẹ̀ǹkúrú ni "kí òjò má pa ìyá". Ọjọ́ orí rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Ní 1987, William Nagy, Richard Anderson àti Patricia Herman ṣírò rẹ̀ pé bí ọmọ bá pàdé ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́ẹ̀kan nínú ìwé tó ń kà fúnra rẹ̀, bí ọ̀kan nínú 20 ni yóò mọ̀. Ó kéré. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kàwé lójoojúmọ́ ń pàdé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú 20 yẹn sì ń gorí ara wọn lọ́dọọdún.

Kí ló dé tí ọmọ mìíràn fi ń wò títí tí kò rí nǹkan kan?

Ẹ ronú nípa àdìrẹ. Bí ihò kékeré kan bá wà lára rẹ̀, ẹ lè wo bátànì tó yí i ká kí ẹ sì mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Bí aṣọ náà bá ti lu jára tán ńkọ́? Bátànì wo lẹ fẹ́ wò?

Marcella Hu àti Paul Nation ṣe ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2000 lórí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè kejì fún. Wọ́n rí i pé kí ìtàn tó lè yé ọ̀pọ̀ nínú wọn dáadáa láìsí ìrànlọ́wọ́, wọ́n ní láti mọ bí ọ̀rọ̀ 98 nínú 100 tó wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ àjèjì kan ṣoṣo nínú nǹkan bí ìlà márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń gba ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀rọ̀ àjèjì mẹ́ta wà nínú ìlà kan. A wá ń sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kó wo àyíká. Àyíká gan-an ni kò yé e! Ìwà ìkà ni, bí a kò tilẹ̀ mọ̀. Ìwé tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ ni kí a fún un, kí ihò dín kù kó lè rí bátànì.

Ìdí tí mo fi ń fi Yorùbá kọ́ wọn ní ọgbọ́n yìí kí n tó mú Gẹ̀ẹ́sì wọlé nìyẹn. Nínú Yorùbá, ihò kò pọ̀. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọgbọ́n tí ọmọ bá fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́ kì í dúró sílé bó bá ń lọ sínú èdè mìíràn.

Báwo la ṣe ń kọ́ ọ?

Kí àgbà kọ́kọ́ ṣe é kí ọmọ gbọ́. Mo máa ń ka ìpínrọ̀ sókè, màá dúró níbi ọ̀rọ̀ tó le, màá wá sọ èrò mi jáde: "N kò mọ eléyìí. Ṣé ènìyàn ni, àbí nǹkan, àbí ìṣe? Ó ní 'ó gbé e,' nǹkan ni nígbà náà. Ó gbé e ka iná…" Àwọn ọmọ a máa wò mí tìyanu-tìyanu lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí wọ́n rò pé tíṣà kì í bá ọ̀rọ̀ pàdé tí kò mọ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ọmọ fi ìka bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, kó ka gbólóhùn náà bí ẹni pé àlàfo ló wà níbẹ̀, kó sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dí i. Bí kò bá rí nǹkan kan mú, kó padà sí gbólóhùn tó ṣáájú, kó tún lọ sí èyí tó tẹ̀lé. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í ka èyí tó tẹ̀lé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àlàyé máa ń wà jù. Kó wá ṣí ìka, kó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rọ́pò, kó tún gbogbo rẹ̀ kà sókè. Etí yóò gbọ́ bí kò bá bá a mu.

Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn kì í yí padà: "Kí ló sọ fún ọ?" Ọmọ gbọ́dọ̀ fi ìka kan olobó náà lójú ìwé. Bó bá gba ìdáhùn tí kò sì rí nǹkan kan nawọ́ sí, a ó tún un ṣe. Àwọn òbí lè bèèrè èyí nílé lórí Bíbélì, lórí ìwé ìròyìn, lórí ìwé tó bá oògùn inú páálí wá. Kò béèrè owó.

Ṣé ká ju díkíṣọ́nárì nù ni?

Rárá o. Lílo ọ̀rọ̀ ló bí díkíṣọ́nárì fúnra rẹ̀. Nígbà tí Sámúẹ̀lì Àjàyí Crowther gbé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1852, ó kó òwe púpọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ náà kí òǹkàwé lè rí bí a ṣe ń lò wọ́n. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó dá wà kò tíì pé.

Ipò tí díkíṣọ́nárì wà ló yẹ ká tún ṣe. Kí ọmọ kọ́kọ́ wá olobó, kó dá àbá, kó tó ṣí ìwé láti fi yẹ àbá rẹ̀ wò. Bó bá sì ṣí i, kó má mú ìtumọ̀ àkọ́kọ́ kó sá lọ. Kó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa gbé wọn bọ inú gbólóhùn, títí yóò fi dé orí èyí tó jókòó.

Ohun tí èmi àti ìyá yẹn ṣe kó tó lọ nìyẹn. A ṣí díkíṣọ́nárì tó gbé wá, a wá "address" kàn. Ó fi ìka tọ ìlà àkọ́kọ́, ibi tí ènìyàn ń gbé, ó mi orí. Ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó dúró. Ìtumọ̀ kejì, nísàlẹ̀ èyí tó ní kí ọmọ rẹ̀ há sórí: ọ̀rọ̀ tí ènìyàn sọ níwájú èrò.